Walt Disney àti Ọkọ̀ Ojú Irin Ẹ̀yìnkùlé Rẹ̀

  

Ìtàn tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ ti ọkùnrin kan tó jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Walt Disney lorúkọ rẹ̀. Òun ló gbé eku elétí ńlá nì jáde, Mickey Mouse, èyí tí wọ́n máa ń yà sára báàgì ilé ìwé àwọn ọmọ wa. Láti 1966 ló ti kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eku kọ́ ni mo fẹ́ fi dí yín lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ọkọ̀ ojú irin kékeré tí bàbá náà ṣe sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ nígbà tó ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, tó ti lókìkí ká gbogbo ayé, tó ti ní òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì sì ti ń di ọmọge.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ló kàn wá nínú ọkọ̀ ojú irin òyìnbó, èsì mi kò jìnnà. Ọkọ̀ ojú irin ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá sí Òkè Ọya. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó sì fi máa di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kó sọ̀ ní Kano. Ti Borno ló pẹ́ jù. Láti Kuru lẹ́bàá Jos ni wọ́n ti mú un ní 1958, wọ́n gba Bauchi, wọ́n gba Gombe, ó sì di 1964 kí ó tó wọ Maiduguri. Irin tó gùn tó 640 kìlómítà nìyẹn. Àwọn ènìyàn wa láti Ọ̀fà, Ìkìrun, Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ̀lé irin wá. Ẹlòmíràn wá ta aṣọ, ẹlòmíràn wá rán an, ẹlòmíràn sì wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rélùwéè fúnra rẹ̀. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún mọ ìró fèrè yẹn dáadáa. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí ọkọ̀ kò wá mọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹta 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ àtúnṣe ọ̀nà náà láti Port Harcourt títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ojú wa sì wà lọ́nà. Nítorí náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọkọ̀ ojú irin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òyìnbó, kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Walt, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1901. Elias ni bàbá rẹ̀, Flora ni ìyá rẹ̀. Elias yìí mọ iṣẹ́ káfíńtà, kó sì tó gbéyàwó, ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ irin lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ wọn. Ní 1906, ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí oko kan ní Marceline, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ẹ gbọ́ bí Marceline ṣe di ìlú: ilé iṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Santa Fe ló dá a sílẹ̀ ní 1888, kí ọkọ̀ lè ní ibi tí yóò ti máa dúró bí ó bá ń bọ̀ láti Chicago. Àwa tí a mọ Kafanchan mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Kí irin tó dé, abúlé ni. Nígbà tí irin dé, ọjà dé, ilé oúnjẹ dé, oríṣiríṣi ẹ̀yà dé.

Ẹbí wọn kan wà tó ń jẹ́ Mike Martin, tí àwọn ọmọ ilé náà ń pè ní àǹkù. Dírẹ́bà ọkọ̀ ojú irin ni. Bí ó bá ti dé Marceline, ilé wọn ló máa ń yà sí, pẹ̀lú súìtì nínú ọ̀rá fún àwọn ọmọ àti ìtàn ojú ọ̀nà lẹ́nu. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ọmọ kékeré tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ńlá, tí fèrè bá dún lókèèrè, òun nìkan ló máa mọ̀ pé ènìyàn òun ló ń bọ̀. Ọdún bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni Walt lò ní ìlú yẹn, ṣùgbọ́n títí tó fi kú, kò yéé sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oko náà kò mówó wọlé. Elias ṣàìsàn, wọ́n tà á, wọ́n sì kó lọ sí Kansas City ní 1911. Níbẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá wọn ra ẹ̀tọ́ láti máa pín ìwé ìròyìn ní àdúgbò kan, ó sì kó iṣẹ́ náà lé Walt àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Roy, lórí. Ìdájí, kí àkùkọ tó kọ, ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa ń jí, á rìn nínú yìnyín, á ju ìwé ìròyìn sí ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn, á padà wálé, á tún lọ sí ilé ìwé. Bàbá kò sì fún wọn ní kọ́bọ̀. Àwọn bàbá tiwa náà le, ṣùgbọ́n ti Elias yìí, mo rò pé ó ti pọ̀ jù.

Nígbà tí Walt kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nígbà ìsinmi ilé ìwé, ó wá iṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ àwọn tó ń kiri ọjà láàárín àwọn èrò ni: súìtì, èso, ìwé ìròyìn, sìgá àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ẹ bá ti rí àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá àti gàlà ní gáréèjì, ẹ ti rí Walt Disney ìgbà náà, àfi pé tirẹ̀ wọ yunifọ́ọ̀mù tó ní bọ́tìnnì tó ń dán. Ẹ má bèèrè èrè. Ó ń jẹ nínú ọjà ara rẹ̀, àwọn kan jí ìgò òfìfo rẹ̀, gbèsè ló sì fi kúrò nídìí òwò náà. Ohun tó rí jẹ níbẹ̀ yàtọ̀ sí owó. Ó máa ń mú tábà àti ìwé ìròyìn lọ fún dírẹ́bà àti ẹni tó ń koná, àwọn náà á sì jẹ́ kó jókòó pẹ̀lú wọn níwájú, níbi tí iná ti ń jó.

N ó sáré díẹ̀ níhìn-ín, nítorí apá yìí ni gbogbo ayé mọ̀. Ní 1923, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kansas City lọ sí California pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan, òun àti Roy sì dá ilé iṣẹ́ kàtúùnù sílẹ̀ ní Hollywood. Ní 1925, ó fẹ́ Lillian, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní 1928, àwọn tó ń bá a ta fíìmù rẹ̀ ní New York gba ehoro tó ti ń yà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé inú ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí òun àti ìyàwó òun ń padà sílé lọ́wọ́ òfo, ni òun ti ronú kan eku, àti pé Lillian ló ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Mickey. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Mickey Mouse di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní 1937, wọ́n gbé fíìmù Snow White jáde, ó sì pa owó rẹpẹtẹ.

Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa ni ohun tí iṣẹ́ yẹn ṣe fún ara àti ọkàn rẹ̀. Ní 1931, àárẹ̀ ọpọlọ mú un débi pé ó ń sunkún láìnídìí, dókítà sì ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹṣin, ó ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù orí ẹṣin tí wọ́n ń pè ní pólò, èyí tí àwa tí a ń gbé Òkè Ọya mọ̀ dáadáa. Ó ṣubú, eegun ọrùn rẹ̀ fara pa, ìrora yẹn sì bá a dé ọjọ́ ogbó. Ní oṣù Kọkànlá 1938, ìyá rẹ̀ kú nínú ilé tí òun àti Roy ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún àwọn òbí wọn, nítorí gáàsì tó ń jò láti ara ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ẹ ro ó wò: ẹ̀bùn tí ọmọ fún ìyá ló gbẹ̀mí ìyá. Kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọ̀rọ̀ náà sí etí òun. Ní 1941, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Lójú tèmi, àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ẹjọ́ láti rò, Walt kò sì fi àgbà gba ọ̀rọ̀ náà. Ó bínú, ó sì di ìkùnsínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ogun àgbáyé náà ba ọjà wọn jẹ́ ní Yúróòpù, gbèsè sì kún ọrùn ilé iṣẹ́.

Báyìí ni ọkùnrin tó ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín ṣe rí nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ẹni àádọ́ta ọdún. Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wọn, Hazel George, ló máa ń bá a tọ́jú ọrùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òun ló sì rí i pé ọrùn nìkan kọ́ ló ń dùn ún.

Ní ìparí ọdún 1947, Walt ra ọkọ̀ ojú irin onínáa mànàmáná, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún ọmọdé, ó sì tò ó sínú yàrá kan lẹ́bàá ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ra fún àwọn ọmọ ẹbí, ṣùgbọ́n ó ra tara rẹ̀ náà. Ó ní òun ti ń wá a láti kékeré. Méjì nínú àwọn tó ń yàwòrán fún un ti ṣáájú rẹ̀ nínú àrùn yìí. Ward Kimball ti ra ọkọ̀ ojú irin gidi tó ti gbó, ó tò ó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì ń wà á. Ollie Johnston ní tirẹ̀ ń kọ́ kékeré kan tí ènìyàn lè gùn lẹ́yìn bí ẹni gun àpótí. Walt lọ wo ti àwọn méjèèjì, kò sì sùn dáadáa mọ́.

Ní oṣù Kẹjọ 1948, Hazel George gbà á níyànjú pé kó lọ wo ìpàtẹ ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè ṣe ní Chicago. Ó mú Kimball dání, wọ́n sì bá ọkọ̀ ojú irin lọ. Lójú ọ̀nà, wọ́n jẹ́ kí Walt wọ iwájú ọkọ̀, kó fa fèrè. Kimball máa ń ròyìn pé nígbà tó padà wá jókòó, ẹ̀rín ṣáá ni lójú rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ní ìpàtẹ náà, wọ́n gba àwọn méjèèjì láyè láti wa àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Ọ̀rọ̀ àìsàn ọrùn kò jẹyọ ní gbogbo ìrìn àjò yẹn.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù ló kàn yìí. Nígbà tí Walt pinnu láti ṣe tirẹ̀, kò kọ owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ pé kó lọ bá òun ra á. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù irin tó wà nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó bá Roger Broggie, ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ní kó kọ́ òun. Ẹni tó ń san owó oṣù wá di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ń san án fún. Lálaalẹ́, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ, wọ́n ṣètò tábìlì kan fún un, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fá irin, bí wọ́n ṣe ń jó o pọ̀, bí wọ́n ṣe ń ki páànù. Ó ki fìtílà iwájú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ki ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti di ìjà láàárín wa nísinsìnyí; ọ̀dọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí kan kò fẹ́ bá wẹ́dà tàbí káfíńtà dúró. Èmi kò rí ohun ìtìjú kankan nínú kí ènìyàn máa kọ́ṣẹ́, àní bí ó bá dàgbà ju ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ọkọ̀ gidi kan tó ti ṣiṣẹ́ ní California láyé àtijọ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 173. Ojú irin tó ń gbà kò fẹ̀ ju íǹṣì 7 ó lé díẹ̀ lọ. Ẹ fi wé irin tó wá sí Maiduguri, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń fi okùn fà. Èédú gidi ló ń jẹ, omi gidi ló ń mu. Ẹ ti rí bí ọmọrí ìkòkò ṣe máa ń fò bí omi bá ń hó. Irú agbára yẹn ni. Wọ́n sé ooru omi náà mọ́ inú irin, kò rí ibi sá sí ju inú ihò kan tí irin róbótó wà nínú rẹ̀. Ó ń ti irin yẹn síwá sẹ́yìn, ọ̀pá sì so irin náà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa yí. Bí àwọn tó ń jẹ èédú Enugu ní Nàìjíríà láyé ọjọ́sí ṣe ń rìn gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ kékeré yìí lè fa àgbàlagbà mélòó kan tí wọ́n jókòó sórí àwọn wáágùn rẹ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 1949, wọ́n dán an wò níwájú àwọn òṣìṣẹ́, ó sì rìn.

Ó sọ ọ́ ní Lilly Belle, orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ọgbọ́n nìyẹn o, nítorí ìyàwó ni ìṣòro tó kù. Àwọn Disney ń kọ́ ilé tuntun nígbà náà ní òpópónà Carolwood ní Los Angeles, lórí ilẹ̀ éékà márùn-ún, nítorí àtigbé irin náà gbà sì ni Walt ṣe wá ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lillian kò lòdì sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbin òdòdó sí ibi tí Walt fẹ́ kí irin gbà. Kí ni bàbá ṣe? Ó ní kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn bíi ti àwọn lọ́yà, pé òun ní ẹ̀tọ́ láti gba irin kọjá lórí ilẹ̀ náà. Lillian àti àwọn ọmọ méjèèjì, Diane àti Sharon, sì buwọ́ lù ú. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwàdà tó fi ọ̀wọ̀ ìyàwó hàn ni. Ó wá ní kí wọ́n gbẹ́ ihò sábẹ́ ilẹ̀ òdòdó náà, kí ọkọ̀ máa gba abẹ́ rẹ̀, kí òdòdó wà lókè. Ihò yẹn gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 90. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní kí ó lọ tààrà nítorí owó. Walt kọ̀, ó ní kó wọ́ bí ejò, kí ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ má lè rí òdì kejì, kí ọkàn rẹ̀ sì fò díẹ̀ nínú òkùnkùn. Nítorí iye tí yóò ná an, ó ní kí akọ̀wé òun má jẹ́ kí òun mọ̀ ọ́n. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọkọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí ayẹyẹ, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Gbogbo irin náà pa pọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,615, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì máìlì. Afárá onípákó wà lórí rẹ̀. Walt tún kọ́ abà pupa kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bíi ti abà oko wọn ní Marceline, ibẹ̀ ló sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù àti ibi tó ti ń darí irin. Wáágùn tó kẹ́yìn, èyí tí gáàdì máa ń wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kàn án. Ẹnikẹ́ni kò lè wọ inú rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣe ibùsùn sí i, ó ṣe ìwé ìròyìn kéékèèké sí i, ó sì ṣe sítóòfù kan tí kò ga ju ọwọ́ lọ. Sítóòfù yẹn dára lójú rẹ̀ débi pé ó ṣe púpọ̀ sí i, ó kun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà tó yàtọ̀, ó sì ń fi wọ́n ta àwọn ọ̀rẹ́ lọ́rẹ.

Ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí. Àgbàlagbà tó ń ṣe sítóòfù tí kò lè se ẹyin! Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn ọmọ wa tó ń gé agolo sàdíìnì, tí wọ́n fi ń ṣe mọ́tò, tí wọ́n ń gé sílípáàsì tó ti já ṣe táyà. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe á ṣe dígí rẹ̀, á ṣe nọ́ńbà rẹ̀, á kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ bíi ti tírélà. Gbogbo wa la ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n ní ká lọ ka ìwé, a sì jù ú nù. Walt kò jù ú nù ní tirẹ̀. Mo sì mọ àwọn àgbà tó fẹ̀yìn tì láàárín wa, tí kò sí ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́ ju kí wọ́n jókòó ka àwọn tó ti kú.

Láti oṣù Karùn-ún 1950, ọkọ̀ náà ń rìn yípo ilé. Ní òpin ọ̀sẹ̀, Walt á wọ aṣọ iṣẹ́, á dé fìlà àwọn dírẹ́bà, á jókòó sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, àwọn àlejò á sì gun ẹ̀yìn. Òṣèré fíìmù gùn ún, ọmọ aládùúgbò gùn ún. Salvador Dalí, gbajúgbajà ayàwòrán ará Sípéènì, gùn ún pẹ̀lú irùngbọ̀n òkè ètè rẹ̀ tó dúró bí ìwo. Ọdún mẹ́ta ni ayọ̀ yẹn fi wà.

Ní 1953, àlejò kan tí wọ́n gbà láyè láti wa ọkọ̀ náà sáré jù ní ibi tí irin ti tẹ̀. Ọkọ̀ dojú dé, ohun kan já lára ẹ́ńjìnnì, ooru omi gbígbóná sì ń tú jáde. Ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ ọdún márùn-ún, rí èéfín funfun náà, ó sáré lọ wò ó, ooru sì jó o lẹ́sẹ̀. Kò pa ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Walt lára. Kò bá àlejò jà, kò sì ní kí wọ́n kàn ṣe àtúnṣe kí wọ́n máa bá a lọ. Ó ti irin náà pa pátápátá. Ó gbé Lilly Belle lọ sí ilé iṣẹ́, ó gbé e sílẹ̀, ọkọ̀ kò sì rìn ní Carolwood mọ́. Ohun tó ná owó lé lórí, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó wò ó sàn. Mo ti rí ẹni tí ẹ̀rọ iná rẹ̀ fi èéfín dí ìdílé aládùúgbò lọ́nà ọ̀fun, tó ní kí wọ́n ti fèrèsé wọn. Nídìí ọmọ yẹn ni mo ti rí irú ènìyàn tí Walt jẹ́, ju nídìí gbogbo fíìmù rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kété tó ti Chicago dé ní 1948 ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe ọgbà ìgbafẹ́ kan tí ọkọ̀ ojú irin yóò wà nínú rẹ̀, tí òbí àti ọmọ yóò jọ máa gbádùn. Roy, tó ń tọ́jú owó, kò fẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn báńkì rẹ́rìn-ín. Walt yá owó lórí ìwé adójútòfò ẹ̀mí rẹ̀, ó ta ilé ìsinmi rẹ̀, ó sì wọ àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Ọgbà náà ni Disneyland, ní Anaheim, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1955. Ọkọ̀ ojú irin ló yí gbogbo rẹ̀ po. Roger Broggie àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mú àwòrán Lilly Belle, wọ́n sọ ọ́ di ńlá, wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì méjì àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ ìṣílé, Walt ló wa ọ̀kan wọlé pẹ̀lú gómìnà California lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kẹta tí wọ́n fi kún un, 1894 ni wọ́n ti ṣe é, ìrèké ló sì ti ń kó ní oko Louisiana kí wọ́n tó rà á, tí wọ́n tún un ṣe. Láti ìgbà yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọgbà Disney ńlá kan, títí dé Tokyo àti Paris, tí kò ní ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀.

Walt fẹ́ràn láti máa lọ sí ọgbà náà ní àárọ̀ kí èrò tó dé, kó gun iwájú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n sìgá tó ti ń mu láti ìgbà tó wà ní Faransé pẹ̀lú àwọn Red Cross, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kò fi í sílẹ̀. Ikọ́ rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi máa ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló mú un. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1966, ní ọsibítù tó dojú kọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Burbank, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tó pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin.

Lillian gbé ilé Carolwood títí tó fi kú ní 1997. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta ilé náà, Diane kò jẹ́ kí wọ́n wó abà pupa yẹn. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì tún un tò sí Griffith Park ní Los Angeles, wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní 1999. Lilly Belle wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìdílé náà ṣí ní San Francisco ní 2009. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà náà ní Griffith Park ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ ojú irin kéékèèké fúnra wọn ti tẹ́ irin tiwọn. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n máa ń koná sí i, wọ́n á sì gbé ọmọ àwọn ẹlòmíràn yípo.